Orúkọ Wa Nínú Ìwé Ogun: Ẹ Bá Wa Tún Un Ṣe

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn àgbà ológun ẹgbẹ́ wa sọ níwájú àwọn ọba, ìjòyè àti ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé ọdọọdún. Bó ṣe sọ ọ́ la ṣe tẹ̀ ẹ́.

    

Wọ́n ní kí n má ṣe ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Orúnkún mi náà ò ní gbà kí n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo wá bẹ̀bẹ̀ fún, kí n tó sọ ìdí rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ yìí, pẹ̀lú àwọn ọba àti ìjòyè wa, ran àwa ológun àtijọ́ lọ́wọ́, kí wọ́n sì ran ọmọ àwọn tó ti kú nínú wa lọ́wọ́, kí orúkọ wa, iṣẹ́ wa àti àmì ẹ̀yẹ wa lè wà nínú ìwé bó ṣe yẹ kó wà. Owó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, n ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ká ní kò sí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀, mo ṣì máa wá síbí lónìí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi gan-an

Mo wọ iṣẹ́ ológun Faransé nígbà tí ilẹ̀ wa ṣì ń jẹ́ Dahomey. Wọ́n kó wa lọ sí Àlgéríà. Ní ọjọ́ kan, lójú ọ̀nà orí òkè, ọkọ̀ tó ṣáájú tiwa gun bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Mo sáré lọ, mo fa èèyàn méjì jáde láàyè. Ìyẹn tó. Ọ̀gá wa kọ ìwé ìyìn fún mi, èyí tí wọ́n ń pè ní citation à l'ordre du régiment. Ẹni tó bá gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí àmì ẹ̀yẹ kan tí Faransé dá sílẹ̀ ní ọdún 1956, Croix de la Valeur militaire, pẹ̀lú ìràwọ̀ idẹ lórí rẹ̀.

Ìwé ìyìn yẹn wà lọ́wọ́ mi títí dòní. Àmọ́ nígbà tí mo béèrè fún ìwé iṣẹ́ mi, ìyẹn état signalétique et des services, tó máa ń to gbogbo ibi tí ológun ti ṣiṣẹ́ àti gbogbo ohun tó gbà, médaille commémorative nìkan ni mo rí níbẹ̀. Ìyẹn ni èyí tí wọ́n fún gbogbo ẹni tó bá ti lo ìwọ̀n àkókò kan níbẹ̀, ì báà jẹ́ pé ilé ìdáná ló ti ń ṣiṣẹ́. Croix kò sí.

Mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ níbí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án, èsì dé: orúkọ tó wà lórí ìwé ìyìn kì í ṣe orúkọ tó wà nínú fáìlì mi, lẹ́tà méjì yàtọ̀, ọdún ìbí náà kò bára mu, nítorí náà, wọn ò rí ẹ̀rí pé èmi ni wọ́n yìn. Mo tún kọ̀wé. Wọ́n ní kí n fi ìwé ìbí ránṣẹ́. Ìwé ìbí wo? Nígbà tí wọ́n bí mi, ta ló ń kọ ìwé ìbí ní abúlé wa? Ọdún tí eéṣú jẹ oko ni ìyá mi mọ̀. Lọ́jọ́ tí mo wọṣẹ́, akọ̀wé ológun wò mí láti òkè délẹ̀, ó sì fún mi ní ọdún ìbí. “Né vers” ló kọ, ìyẹn ni pé wọ́n bí mi nítòsí ọdún báyìí-báyìí. Akọ̀wé mìíràn tó kọ ìwé ìyìn náà tún fojú díwọ̀n tirẹ̀. Àwọn méjèèjì ló fojú díwọ̀n o, èmi ni wọ́n wá ń bi pé èwo ni òótọ́.

Ẹ má bínú pé mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tèmi. Mo sọ ọ́ nítorí pé òun ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Àmọ́ kì í ṣe tèmi nìkan. Ẹ lọ wo àpótí tí àwọn bàbá yín fi sílẹ̀. Ẹ ó rí livret militaire tí ikán ti jẹ etí rẹ̀, ẹ ó rí irin kékeré tó ti dípẹtà tí ribọ́nù rẹ̀ ti ṣá. Ẹ ó wá rí i pé orúkọ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe orúkọ tí ẹ̀yin ń jẹ́.

Orúkọ kan, ènìyàn mẹ́rin

Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ ká mú orúkọ kan tí gbogbo wa mọ̀, Ògúnṣínà. Ní Ìmẹ̀kọ, lápá Nàìjíríà, wọ́n á kọ ọ́ ní Ogunsina tàbí Ogunshina. Akọ̀wé tó mọ Faransé ní Kétu gbọ́ orúkọ kan náà, ó kọ Ogounchina. Ẹnì kẹta kò gbọ́ ọ dáadáa, ó kọ Ogoussina. Létí tiwa, orúkọ kan ni. Lójú akọ̀wé tó jókòó sí ìlú òyìnbó, ènìyàn mẹ́rin ni, bàbá wọn ò sì jọra.

Èdè Faransé ò ní “ṣ”, “ch” ni wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀. “U” tiwa, “ou” ni wọ́n ń kọ. “Ẹ” àti “e”, “ọ” àti “o”, ẹni tí kò gbọ́ èdè wa kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Kí orúkọ èèyàn tó dé orí ìwé, ìtumọ̀ rẹ̀ ti jábọ́ sójú ọ̀nà.

Èyí tó tún le ju ìyẹn lọ ni ọ̀rọ̀ orúkọ ìdílé. Òyìnbó ní “nom”, ó ní “prénom”, ó parí. Àwa ńkọ́? A ní orúkọ àmútọ̀runwá, a ní àbísọ, a ní oríkì, a ní orúkọ ẹ̀sìn, a tún ní ìnagijẹ. Wọ́n bi ẹ̀gbọ́n pé kí ni nom rẹ̀, ó dárúkọ bàbá rẹ̀. Lọ́dún kejì wọ́n bi àbúrò, ó dárúkọ oríkì ara rẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà ti di ọmọ ilé méjì nínú ìwé ìjọba. Àwọn kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n fi lọ sógun, nítorí pé ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ ti sá lọ, ìdílé sì gbọ́dọ̀ kó ẹnì kan sílẹ̀. Irú wọn, àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ gbà, orúkọ ẹni tó sá ló wà lórí rẹ̀.

Lóde òní ńkọ́? Ní ìparí ọdún 2017, ìjọba Benin bẹ̀rẹ̀ RAVIP, wọ́n kọ orúkọ gbogbo wa, wọ́n ya fọ́tò wa, wọ́n gba ìka ọwọ́ wa. Ó dára, n ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá sọ orúkọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pè é nílé, tí ìwé ogun rẹ̀ sì ní òmíràn, ẹ̀rọ ti yà á kúrò lára ara rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ rẹ̀ tó bá lọ béèrè ohun tó tọ́ sí bàbá rẹ̀ lọ́la, wọ́n á sọ fún un pé bàbá rẹ̀ kọ́ ni.

Àwa tí wọ́n sọ di ará Sẹ̀nẹ̀gàl

Ẹ ò ní yà sí i mọ́ tí ẹ bá rántí pé orúkọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe tiwa. Ní ọdún 1857, nígbà tí Faidherbe ń ṣe gómìnà ní Sẹ̀nẹ̀gàl, ni Faransé dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n pè wọ́n ní tirailleurs sénégalais. Nígbà tó yá, wọ́n ń kó èèyàn kún un láti ibi tó di Mali, Gínì, Burkina, Niger, Kòtídífúà, àti láti Dahomey. Orúkọ ò yí padà. Ọmọ Kétu tí kò fojú kan Dakar rí, “Sénégalais” ni. Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, “Sénégalais” ni.

Nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, ogun 1914 sí 1918, nǹkan bí 200,000 ọkùnrin ni Faransé kó láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Nǹkan bí 30,000 ni kò padà wálé. Ẹ̀yin ará Atakpamé mọ ibi tí ogun yẹn ti kọ́kọ́ gbóná lápá ibi tiwa. Kamina, tó wà nítòsí yín, ni Jámánì kọ́ ilé ńlá rédíò rẹ̀ sí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1914, àwọn Gẹ̀ẹ́sì wọ Togo láti Gold Coast, àwọn ọmọ ogun Faransé wọ̀ ọ́ láti Dahomey. Wọ́n jà ní odò Chra ní ọjọ́ 22 oṣù yẹn. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí Jámánì fúnra rẹ̀ ba ilé rédíò náà jẹ́, tó sì túúbá. Òyìnbó mẹ́ta ló ń jà, ìbọn ọwọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà ni wọ́n sì fi jà á.

Ẹ má gbàgbé apá kejì ìtàn náà. Àwọn ará Ọ̀họ̀rí dìtẹ̀ mọ́ Faransé nígbà ogun yẹn, wọ́n ní àwọn ò ní fọmọ sílẹ̀. Láti Kétu àti agbègbè rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé kó ẹrù wọn lóru, wọ́n kọjá sí apá Gẹ̀ẹ́sì, torí pé lápá ibẹ̀ wọn ò fipá mú ọmọ èèyàn wọṣẹ́ ológun tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíràn nínú wa fi ní ìdajì ẹbí rẹ̀ ní Nàìjíríà títí dòní. Ilé kan náà ni ẹni tó lọ àti ẹni tó sá ti jáde. N ó padà sórí èyí.

Ẹni tí ìwé rẹ̀ tọ́ ni ilẹ̀kùn ṣí fún

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ìdí tí ìwé fi ṣe pàtàkì tó báyìí. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 1959, nígbà tó ku oṣù díẹ̀ kí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ wa gba òmìnira, Faransé fi abala kan sínú òfin ìnáwó rẹ̀, abala 71. Abala yẹn ní owó ìfẹ̀yìntì àwọn ológun láti ilẹ̀ tó bá ti gba òmìnira á dúró sójú kan. Cristallisation ni wọ́n ń pè é, bí ìgbà tí omi bá di yìnyín. Owó àwọn ọmọ Faransé tí a jọ wà nínú kòtò kan náà ń gòkè bí nǹkan ṣe ń wọ́n sí i lọ́jà. Tiwa di yìnyín.

Ta ló yọ́ yìnyín náà? Kì í ṣe pé àánú wa ṣe wọ́n. Àwọn tó béèrè ni. Àwọn ológun àtijọ́ 743 láti Sẹ̀nẹ̀gàl, tí Ibrahima Gueye ṣáájú wọn, gbé ẹjọ́ lọ síwájú Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ní oṣù kẹrin ọdún 1989, ìgbìmọ̀ náà dá wọn láre. Faransé fara balẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ ẹnì kan tó ń jẹ́ Amadou Diop, tó ti ṣiṣẹ́ ológun fún wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, dé iwájú ilé ẹjọ́ ìjọba tó ga jù ní Paris, Conseil d'État. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2001, ilé ẹjọ́ náà sọ pé kò tọ́ láti fi ibi tí èèyàn ti wá dín owó rẹ̀ kù. Ní ọdún 2006, fíìmù kan tí wọ́n ń pè ní Indigènes jáde, ó dá lórí àwọn ọmọ Àríwá Áfíríkà tó jà fún Faransé, ojú sì ti àwọn aláṣẹ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2007, wọ́n mú owó retraite du combattant àti owó àwọn tó fara gbọgbẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ti ọmọ Faransé. Láti ọdún 2011, wọ́n mú owó ìfẹ̀yìntì tó kù náà dọ́gba.

Ẹ bá mi ka ọdún náà. Láti 1959 dé 2011, ọdún 52 ni. Mélòó nínú wa ló ṣì wà láàyè nígbà náà? Nínú àwọn tó wà láàyè, ta ló rí i gbà? Ẹni tó kọ̀wé béèrè, tí orúkọ rẹ̀ bá fáìlì mu ni. Carte du combattant pàápàá, ọdún 1974 ni òfin ṣí i sílẹ̀ fún àwa tí a lọ sí Àlgéríà. Àwọn ẹgbẹ́ mi kan gbà á. Àwọn mìíràn kú sẹ́nu “ẹ lọ mú ìwé ìbí wá.” Owó tó wà nídìí káàdì yẹn, retraite du combattant, tí ológun bá ti kú, kì í kọjá sọ́wọ́ opó rẹ̀. Nítorí náà, gbogbo ọdún tí a bá fi ń jìjà lẹ́tà méjì inú orúkọ, ọdún tó lọ pátápátá ni.

Ọ̀rọ̀ Thiaroye tún jẹ́ ká mọ̀ pé òkú pàápàá nílò orúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù kejìlá ọdún 1944, ní àgọ́ Thiaroye nítòsí Dakar, àwọn tirailleurs tí Jámánì ti fi sẹ́wọ̀n, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ní kí wọ́n san owó iṣẹ́ wọn kí àwọn tó wọ ọ̀nà ilé. Ìbọn ni ọ̀gá wọn fi dá wọn lóhùn. Fún ọgọ́rin ọdún, wọ́n pe àwọn èèyàn yẹn ní ọlọ̀tẹ̀. Ní ọdún 2024 ni Faransé tó gbà pé mẹ́fà nínú wọn “kú fún Faransé”, Mort pour la France: mẹ́rin láti Sẹ̀nẹ̀gàl, ẹnì kan láti Kòtídífúà, ẹnì kan láti ilẹ̀ tó di Burkina Faso. Mẹ́fà péré, nígbà tí iye tí ìjọba fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ sọ ti ju ọgbọ̀n lọ. Ẹ ṣàkíyèsí pé orúkọ mẹ́fà ni wọ́n dárúkọ. Ẹni tí a ò mọ orúkọ rẹ̀, báwo la ṣe fẹ́ dá a láre?

“Kí lẹ fẹ́ fi irin òyìnbó ṣe?”

Ọmọ ọmọ mi kan bi mí ní ìbéèrè yìí, mo sì mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ogun òyìnbó ni ẹ jà. Àwọn ará Àlgéríà ń wá òmìnira wọn bí àwa náà ṣe ń wá a. Àwọn bàbá ńlá wa ní Ọ̀họ̀rí kọ̀ ọ́, àwọn mìíràn sá lọ sí Nàìjíríà. Kí lẹ wá fẹ́ fi àmì ẹ̀yẹ òyìnbó ṣe?”

Ìbéèrè tó dára ni, n ò bá a jà. Ohun tí mo dá a lóhùn ni pé kò sẹ́ni tó bi wá bóyá a fẹ́ Àlgéríà tàbí a ò fẹ́. Wọ́n kó wa lọ. Ẹni tó sá ní ọlá tirẹ̀, ẹni tó lọ ní tirẹ̀, kò yẹ kí ọ̀kan jẹ ọlá ìkejì. Mi ò bẹ̀ yín kí ẹ yin ogun. Òótọ́ ni mo ní kí ẹ bá mi wá. Bí ìwé wọn bá sọ pé n ò sí níbẹ̀, irọ́ ni. Bí ìwé wọn bá sọ pé ẹlòmíràn ló fa èèyàn jáde nínú iná, irọ́ ni. Bí a bá jẹ́ kí irọ́ kékeré yẹn dúró, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọ́n á sọ pé kò sí ọmọ Kétu kankan tó jà níbì kankan, a ò sì ní ní ìwé tí a ó fi da wọ́n lóhùn.

Ohun tó tún wà níbẹ̀ ni pé Faransé ṣì ń tún ọ̀rọ̀ yìí ṣe díẹ̀díẹ̀. Títí di àìpẹ́ yìí, tirailleur tó ń gba owó àgbà ní Faransé kò gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ ju ìdajì ọdún lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á dá owó náà dúró. Àgbàlagbà ń nìkan gbé yàrá kékeré, ilé àti ẹbí rẹ̀ wà ní Áfíríkà. Ní ọdún 2023 ni wọ́n tó gbà kí wọ́n padà sílé pẹ̀lú owó wọn, mẹ́sàn-án sì padà sí Sẹ̀nẹ̀gàl ní oṣù kẹrin ọdún yẹn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Sẹ̀nẹ̀gàl ní ẹgbẹ́, wọ́n ní ìwé, wọ́n ní àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń bá wọn ká fáìlì. Àwa ní kí ni? Àwa ní àpótí tí ikán ń jẹ.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbé bíírò yín jáde. Èyí ni ohun tí mo ti kọ́ lẹ́nu gbogbo ìwé tí mo kọ.

Ẹ kọ́kọ́ wá matricule, nọ́ńbà ológun. Òun ló ṣe kókó. Orúkọ lè yí padà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, nọ́ńbà kì í sábà yí. Ó máa ń wà nínú livret militaire, ó máa ń wà lórí àwo kékeré tí wọ́n so mọ́ ọwọ́ tàbí ọrùn, ó máa ń wà lẹ́yìn lẹ́tà àtijọ́. Èyí tí mo fi ń jà lọ́wọ́lọ́wọ́ nìyẹn: nọ́ńbà tó wà lórí ìwé ìyìn náà ni nọ́ńbà tó wà nínú fáìlì mi. Orúkọ lè purọ́, nọ́ńbà yẹn kò purọ́.

Ẹ béèrè fún état signalétique et des services. Ilé ìpamọ́ ìwé àwọn ológun Faransé tó wà ní ìlú Pau ni fáìlì ọ̀pọ̀ wa wà. Ti ọ̀rọ̀ káàdì àti owó, ONaCVG ni ọ́fíìsì tó ń bójú tó o, ẹni tó bá sì wà ní Benin lè gba ilé aṣojú Faransé ní Kùtọnú lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ so orúkọ pọ̀. Ẹni tí kò ní ìwé ìbí máa ń gba jugement supplétif ní ilé ẹjọ́. Ẹni tó ní orúkọ méjì tàbí mẹ́ta nínú ìwé gbọ́dọ̀ ní ìwé tó jẹ́rìí pé ẹnì kan náà ni, certificat d'individualité. Láti gba ìwé wọ̀nyí, wọ́n ń fẹ́ ẹlẹ́rìí, ẹni tó mọ ìdílé, tó lè sọ pé, “Mo mọ bàbá yìí, mo mọ ọdún tó lọ, mo mọ ọdún tó dé.” Àwọn ẹlẹ́rìí ló ń kú lójoojúmọ́. Ìdí tí mo fi sáré wá síwájú yín nìyẹn.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ lẹ́tà, ẹ má kọ ìtàn ìgbésí ayé. Ẹ sọ ohun kan ṣoṣo: ohun tó wà nínú ìwé nìyí, ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ nìyí, ẹ̀rí nìyí. Ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́, ẹ má fi ojúlówó ránṣẹ́ láéláé. Bàbá kan ní Ṣábẹ̀ẹ́ fi ìwé ìyìn rẹ̀ gan-an ránṣẹ́, kò padà rí i mọ́ títí ó fi kú.

Ohun mẹ́ta tí mo ń tọrọ

Kábíyèsí, ẹ̀yin ìjòyè, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Iṣẹ́ yìí nílò gbogbo wa.

Àkọ́kọ́, kí ẹgbẹ́ ṣí ìwé kan ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ológun sínú rẹ̀, alààyè àti òkú: orúkọ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pè é, pẹ̀lú àmì ohùn lórí rẹ̀, lẹ́yìn náà gbogbo ọ̀nà tí ìjọba ti gbà kọ ọ́, nọ́ńbà rẹ̀, ogun tó lọ, àti ohun tó gbà. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ní fóònù tó ń ya fọ́tò, ẹ lọ láti agboolé dé agboolé, ẹ ya ìwé inú àpótí kí ikán tó parí rẹ̀.

Ìkejì, kí ààfin kọ̀ọ̀kan yan ìjòyè kan tí yóò máa bá ìdílé lọ sí mairie àti ilé ẹjọ́ láti jẹ́rìí. Opó tó dá lọ, wọ́n á ní kó padà wá lọ́la. Opó tí ìjòyè tẹ̀ lé, wọ́n á fún un ní àga. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ayé rí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ìkẹta, kí ẹgbẹ́ má jẹ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa dá kọ̀wé mọ́. Àwọn 743 tó gbé ẹjọ́ lọ ní Sẹ̀nẹ̀gàl, wọn ò dá lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí a kó gbogbo ẹ̀bẹ̀ jọ, kí a fi sínú ìwé kan, kí àwọn ọba fọwọ́ sí i, kí ẹ̀dà rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin wa. Ẹ̀yin aṣòfin tí ẹ máa ń wá kí wa ní àsìkò ìbò, iṣẹ́ tí ẹ lè ṣe fún wa láàárín ìbò kan sí òmíràn nìyí. Ẹ̀yin ará Togo, ẹ ṣe tiyín bákan náà lọ́hùn-ún, ká jọ máa fi ìwé wé ara wọn, torí pé àwọn ìdílé kan wà tí ọmọ wọn kan wọlé láti Atakpamé, tí ìkejì wọlé láti Ṣábẹ̀ẹ́.

Ní ti èmi, ìwé mi kẹta ti lọ. Tí wọ́n bá dá mi lóhùn nígbà tí mo ṣì wà, a ó jọ jẹ, a ó jọ mu. Tí n ò bá sí mọ́, àwọn ọmọ mi mọ ibi tí nọ́ńbà yẹn wà. Mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n má ta ilẹ̀ kankan nítorí rẹ̀, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ wọn pé òun mọ ẹnì kan ní Paris. Àwọn onírú ìyẹn ti pọ̀ jù. Kí wọ́n kàn máa kọ̀wé.

 Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àwọn ọmọ wa tún rí ogun. Àwọn tó sì ti lọ, kí ilẹ̀ fúyẹ́ lórí wọn, kí orúkọ wọn má parẹ́. Àṣẹ.